Ilé Méjì Tí Uzair Ń Sùn

Jímọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá 2025
Alágídí ti wá kó àwọn ọmọ. Orúkọ tí mo fún Ubaydullah nìyẹn látìgbà tí a ti kọ ara wa sílẹ̀. Kò wọlé. Ó ń fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́nu géètì bí ẹni wá kó ẹrù. Mo ní kó má jẹ́ kí Uzair fi omi tútù wẹ̀ — ọmọ ọdún mẹ́fà, àìsàn sikila ló ń ṣe é.
“Ìyá Tasneem, èmi náà ni mo bí i.”
Ó wakọ̀ lọ.

Àlàádì, 12
Wọ́n dé. Ẹnu Tasneem kò kúrò lára “Anti Kúlúsúmù”, ìyàwó tuntun bàbá wọn. Anti dín masa. Anti di irun. Mo bi Uzair bóyá ó lo oògùn. “Eh, Anti ta ba ni.” Ó ní Anti fún òun. Mi ò gbà á gbọ́.

Àtìní, 13
Mo rí lọ́yà mi, Oyèbọ́lá. Àlàmísì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó dé iwájú alkali, adájọ́ kóòtù Ṣàríà. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí Uzair má sùn nílé bàbá rẹ̀ ní Tayi mọ́. Wọn ò mọ ìtọ́jú rẹ̀.

Jímọ̀, 17
Wọ́n tún lọ.

Àlàádì, 19
Tasneem pè lẹ́yìn ìrun Àyìlá. Ẹkún. “Mama, ƙafar Uzair na ciwo. Muna asibiti.” Ẹsẹ̀ ń dun Uzair, wọ́n ti wà ní ọsibítù.
Mi ò mọ bí mo ṣe dénú kẹ̀kẹ́. Alágídí ti rìnrìn àjò lọ sí Bida — kò sọ fún mi! Èébú ti kún mi lẹ́nu kí n tó wọlé.
Kúlúsúmù ni mo bá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wọ híjáàbù sódì. Ẹsẹ̀ Uzair wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Nọ́ọ̀sì ní ó pọ̀n ọ́n sáré dé títì, ó sì ka orúkọ gbogbo oògùn rẹ̀ fún àwọn. “Ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i…”
Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní àbúrò òun kan ní irú àìsàn yìí. Ìyẹn nígbà tó wà láyé.
Uzair lajú. Ó ní, “Anti.” Kì í ṣe èmi.

Àtàláátà, 21
A ti kúrò ní ọsibítù. Oyèbọ́lá pè, inú rẹ̀ ń dùn. “Ilé wọn ló ti ṣẹlẹ̀, bàbá ò sí nílé. Ẹ sọ ìyẹn nìkan, kẹ́ ẹ dákẹ́.”
Òótọ́ ni. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn.

Àlàrùbá, 22
Mi ò lè jẹun.

Àlàmísì, 23
Alkali bi mí pé nígbà tí ara ọmọ ò yá, ta ló dúró tì í. Oyèbọ́lá tẹjú mọ́ mi. Kúlúsúmù ń wo ilẹ̀.
Mo ní Kúlúsúmù ni. Mo ní òun ló pọ̀n ọ́n. Mo ní bí kì í bá ṣe òun ni, ọmọ ì bá ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.
Alkali ní kí ètò wa máa lọ bó ṣe wà: Jímọ̀ sí Àlàádì, Tayi. Oyèbọ́lá palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́, ó jáde lọ.
Lóde, Ubaydullah sún mọ́ mi. Mo ní, “Bàbá Tasneem, tí ẹ bá tún rìnrìn àjò láì sọ fún mi, ibí la ó ti pàdé.”
Ó ní òun ti gbọ́.

Jímọ̀, 24
Kúlúsúmù fúnra rẹ̀ ló wá mú wọn. Ó kúnlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán.” Mo ní kó dìde, mo fún un ní nọ́ńbà mi. Uzair ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi yà ní kọ́nà. Ó dùn mí wọra. Àmọ́ ẹ̀rù ò bà mí.