Adúpẹ́ Kì í Ṣe Èsì Ìwádìí

Màámi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi, ẹ̀yin nìkan sì ni mo lè rò ó fún tí ẹ kò ní ní kí n lọ mu omi tútù.

Ṣé ẹ rántí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù lẹ́yìn ilé wa ní Joju, nílùú Ṣàngó níbí? Èéfín rẹ̀ ti le sí i. Sìlífá, àbíkẹ́yìn yín, ń wúkọ́ bí ẹni tí àyà rẹ̀ fẹ́ ya. Àdúgbò kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n bá wa dá èéfín náà dúró. Ni ilé iṣẹ́ bá rán àwọn aṣèwádìí láti ojúlé dé ojúlé.

Ní Sátidé, wọ́n pè wá sí ìpàdé láti gbọ́ èsì. Ọ̀gá wọn wọ kóòtù nínú ooru Ṣàngó yìí, ó wú bí ìyẹ̀fun tó ti gba ìwúkàrà. Ó ní sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn ládùúgbò wa.

Mo nawọ́ sókè. "Ọ̀gá, ìbéèrè wo gan-an lẹ bi wọ́n?"

"A bi wọ́n pé, ṣé ara le?"

"Kí ni wọ́n fèsì?"

"Wọ́n ní àwọn dúpẹ́. Gbogbo wọn pátá, sà!"

Màámi, ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin yìí o! Mo yíjú sí Àlùfáà àdúgbò wa, tó na ẹsẹ̀ tó kán sórí àga. "Àlùfáà, ṣé ara le?"

"Alihamudulilahi! Ara le koko bí ọta!"

Ẹ̀rín sọ. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kọ tiwọn náà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ò kán mọ́." Oníkóòtù ní kí a má sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀, ìwé èsì ìwádìí náà ti wà lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ ò rí nǹkan! Ìkíni ni wọ́n lọ kó jọ, wọ́n wá pè é ní ẹ̀rí. Àwọn ayálégbé tí èéfín ti lé lọ ńkọ́? Ta ló lọ bi wọ́n?

Àmọ́ bí mo ṣe délé, ìbínú náà yíjú sí mi. Ṣebí èmi náà ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín, báàgì lápá, tí mo ní ṣé ẹ sùn dáadáa? Ẹ ní Alihamudulilahi, kí n má jẹ́ kí àwọn ọmọ iléèwé dúró dè mí. Mo gbà. Mo lọ. Kí n tó ti iléèwé dé, ẹ ti jáde láyé. Ibo ló ń dùn yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Màámi? Kí ló dé tí n kò jókòó?

Lánàá, mo gbé àpótí sún mọ́ Sìlífá. Mo ní ẹ̀ẹ̀melòó ni ikọ́ ń jí i lóru.

"Adúpẹ́, Bọ̀ọ̀dá mi."

N kò dìde. Mo tún bi í. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. Nígbà tí ọwọ́ kan kún, ó bú sẹ́kún. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo ti mú ìwé náà lọ kan ilẹ̀kùn ilé kejì.

Èmi ni,
ọmọ yín tó pẹ́ kó tó mọ ìbéèrè bí.