Igun Kan Péré Ni Dókítà Tún Ṣe Lára Eyín Mi

Bushrat ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà ní Àbújá, kí oúnjẹ máa rọ́nà ọ̀fun rẹ lọ, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ máa fojú àánú wò ọ́. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ wa ti bímọ. Àbúrò rẹ Àbdùlàhí ṣì ń fi Haúsá dá mi lóhùn bí mo bá fi Yorùbá pè é, mo ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ eyín ni mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ kan tí a ń ṣínu nínú ààwẹ̀ tó kọjá, ọ̀kánjúwà bá mi, mo bu dàbínù jẹ tagbáratagbára, eyín mi sì bá kóró rẹ̀ pàdé. Pàù! Ohun tí wọ́n fi dí ihò eyín mi lọ́jọ́sí bá kán ní igun kan. Bushrat, àyà mi já. Owó oṣù rẹ àkọ́kọ́ lo fi ṣe eyín yẹn fún mi. Mo ní ó tán, wọ́n á hú gbogbo rẹ̀ dànù. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ ló wọ́ mi dé ilé ìwòsàn eyín kan ní Ẹ́pọ́ọ̀tù Róòdù. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù tó ń bi mí pé ta ni kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo kọ Ọlọ́run. Nọ́ọ̀sì ní ó dáa o, Bàbá, ṣùgbọ́n àwọn nílò nọ́ńbà fóònù. Ni mo bá kọ tìrẹ. Bí wọ́n bá pè ọ́, má jáyà.

Dókítà Hanan, ọmọ Haúsá kan tó mọ àgbà kí, yẹ ẹnu mi wò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tú u, ọmọ mi ló ṣe é fún mi. Ó ní ta ló fẹ́ tú u? Ó ní èyí tó kù ṣì le dáadáa, pé bí òun bá gbẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde, òun á gbẹ́ mọ́ eyín gangan, ihò á tún fẹ̀ sí i, nítorí náà igun tó kán nìkan lòun máa tún ṣe. Háà! Ọ̀rọ̀ bírìkìlà ló ń sọ yẹn. Èmi tí mo fi ogójì ọdún rẹ́ ògiri ní Sábọ̀n Gàrí, ní ìlú Haúsá níbí, ìgbà wo ni mo wó ilé onílé torí pé ìrẹ́ ibì kan bọ́?

Ohun kan ṣoṣo ni kò mọ̀. Ó fi nǹkan funfun kan rẹ́ igun náà, ó tan iná búlúù kékeré kan sí i, kò pẹ́ rárá, ó ní ó ti gbẹ, kí n máa jẹun. Mi ò bá a jà, ọmọdé ni. Sìmẹ́ǹtì wo ló ń yára gbẹ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí mo délé, mo ń bu omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bí a ṣe ń ṣe sí ìrẹ́ tuntun, mo sì pa ẹnu dé fún ọjọ́ méje kó lè mú. Kúnú nìkan ni mo ń mu, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìyá Evelyn, aládùúgbò wa tó ń lọ sí ìjọ Kérúbù, rò pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlù mí, ó gbé agogo wọlé wá gbàdúrà. Ìyá rẹ ní kó fara balẹ̀, òun ò tíì gbádùn ilé yìí tó báyìí rí.

Ó sì mú, ọmọ mi! Mo fi dígí ìyá rẹ wò ó: igun tuntun náà funfun, èyí tí ìwọ ṣe ṣì wà níbẹ̀ digbí. Mo jókòó, mo dúpẹ́ títí omi fi bọ́ lójú mi.

Bí ọwọ́ rẹ bá ká a, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra kílíṣí fún Dókítà Hanan, kí n sì fi ìyókù ra dàbínù tí wọ́n ti yọ kóró rẹ̀ de ààwẹ̀ tó ń bọ̀.

Ibi tó bá kán láyé rẹ, Ọlọ́run á bá ọ tún ibẹ̀ ṣe láìtú ìyókù. Mo ń sọ ọ́ síta bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹnu tí owó oṣù rẹ àkọ́kọ́ ṣì wà nínú rẹ̀ ni mo fi ṣe àdúà yìí fún ọ.

Èmi bàbá rẹ,
Àmúsà