Ọsàn Yíyan Tí Mi Ò Fi Han Ọmọ Yín

Sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Kọ́lá, ní Ìkìrun.

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìnira orúnkún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kápẹ́ẹ̀tì ni àyà mi kàn. Mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ọmọ ọmọ yín, pàápàá èyí tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó rọra kà á, kó má sì fo ibì kankan, títí kan ibi tí mo ti bú ara mi.

Ṣé wọ́n ti tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé yẹn ṣe? Ṣé ẹ ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Nígbà tí ẹ kò gbé fóònù ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ títí Kọ́lá fi rí yín bá sọ̀rọ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Dádì, tí kò bá sí ohun tó ń dààmú yín, ẹ̀yin fúnra yín á jáde lọ wá a. Dádì ló ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò ìyá rẹ̀ ni mí. Ara rẹ̀ le, iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ dáadáa. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn, kí àyà yín má baà já. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìsàn. Ìlara ni. Mo ń ṣe ìlara ọmọ yín.

Ẹ lè béèrè ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ irú ọ̀rọ̀ báyìí sínú ìwé ìròyìn. Ìdí ni pé tí mo bá kọ ọ́ sí ẹ̀yin nìkan, màá fà á ya. Mo ti fa méjì ya. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan wà níbì kan tó mú ẹbí rẹ̀ wá sí òkè òkun, tí inú rẹ̀ kò wá dùn bí nǹkan ṣe ń dára fún onítọ̀hún. Kó mọ̀ pé òun nìkan kọ́.

Láti ìgbà tí Ìyá Títí, ìyàwó mi, ti kú, àpátímẹ́ǹtì mi ní Mesquite, ní Amẹ́ríkà níbí, ti fẹ̀ jù fún mi. Títí wà ní ìlú Allen pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò sì jẹ́ kó ráyè. Ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ nílé ìdáná ilé àwọn arúgbó kan ní Farmers Branch. Arúgbó ń gé kárọ́ọ̀tì fún arúgbó. Nígbà tí Kọ́lá dé ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, inú mi dùn débi pé mo kun yàrá kejì fúnra mi. Èmi ni mo mú un lọ bá ọ̀gá ilé ìdáná. Mo sọ fún obìnrin náà pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, pé kì í pẹ́ lẹ́yìn, pé ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Gbogbo ohun tí mo sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Láàárín oṣù mẹ́ta, gbogbo arúgbó ibẹ̀ ti mọ orúkọ rẹ̀. Èmi tí mo ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n ṣì ń wo káàdì àyà mi kí wọ́n tó pè mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n fi í sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń gba àlejò. Kódà Títí ọmọ mi, òun ló ń pè kó tó pè mí. Ó ní òun ń pè é láti béèrè bí mo ṣe ń ṣe. Mo ní ṣé èmi kò ní ẹnu ni? Mo gbé gbogbo ìyẹn mì. Ṣùgbọ́n ìkòkò wáìnì kò ṣeé gbé mì.

Tèmi ni ìkòkò yẹn. Ìyá òyìnbó kan wà níbẹ̀, Mísíìsì Dọ́rà, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ìgbéyàwó ló gbé e wá sí Amẹ́ríkà. Nínú oṣù Kejìlá kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé òun fẹ́ wáìnì gbígbóná tí ìyá òun máa ń sè fún Kérésì. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ilé ìdáná gbé wáìnì sínú máíkúrówéèfù, wọ́n da ṣúgà sí i. Ó fi ahọ́n kàn án, ó gbé e padà fún wọn. Mo wá ní mo mọ̀ ọ́n sè. Gbogbo wọn yíjú wò mí. Láti ọjọ́ yẹn, Kérésì mẹ́sàn-án ni mo fi sè é. Tí oṣù kìíní bá sì ń parí lọ, tí òtútù mú gan-an, màá tún se irú rẹ̀ pẹ̀lú wáìnì pọ́ọ̀tù, èyí tó ki tó sì dùn ju wáìnì yòókù lọ. Mísíìsì Dọ́rà ló máa ń gba ife àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Lẹ́yìn tí mo jáde ilé ìwé gíga, ọdún méjì ni mo fi jókòó sílé láìríṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ ń rán kọ́tìnì fún ìyàwó olùkọ́ òyìnbó kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú wa, ẹ̀yin lẹ sì kúnlẹ̀ fún un pé kó fi mí sí ilé ìdáná rẹ̀. Láàárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí ètè gbogbo wa bá ń là, ó máa ń se wáìnì yìí nítorí pé ọyẹ́ ló jọ òtútù ilé wọn jù. Ṣé ẹ rántí bí òórùn kànáfùrù ṣe máa ń wà lọ́wọ́ mi tí mo bá délé, tí ìyá wa fi rò pé eyín ń dùn mí, tó ní kí n la ẹnu kí òun wò ó?

Mi ò mu wáìnì náà rí, nígbà yẹn tàbí lónìí. Díákónì ni mí. Imú ni mo fi ń sè é. Mo mọ ìgbà tó tó, mo mọ ìgbà tó fẹ́ korò, láti inú ooru rẹ̀. Àmọ́ ó ti tó ọdún méjì báyìí tí imú yìí ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, Títí pàápàá kò mọ̀. Ní Kérésì tó ṣáájú kí Kọ́lá tó dé, ìkòkò náà hó, sínámọ́nì jóná mọ́ ìdí rẹ̀, mo sì dúró tì í bí òpó. Ọ̀gá ló sáré wá pa iná láti yàrá kejì. Kò bá mi wí. Ó kàn fọwọ́ lé mi léjìká. Ẹ̀gbọ́n mi, ì bá kúkú bá mi wí.

Nítorí náà, nígbà tí oṣù Kejìlá tó kọjá yìí dé, ọ̀gá pe Kọ́lá, ó ní kó mú ìkòkò lọ́tẹ̀ yìí, kí n jókòó tì í kí n máa tọ́ ọ sọ́nà. Kọ́lá ní kò burú, pé Dádì á kọ́ òun. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó gbé epúrọ́ọ̀nù mi kọ́ ọrùn, epúrọ́ọ̀nù náà sì bá a mu. Ó ń kọrin. Ó ń fi ṣíbí bu wáìnì, ó ń tọ́ ọ wò, ó ń lá ètè. Mo ní ṣé kò rántí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó ní Dádì, ẹ̀kán kan ni, kì í ṣe ife. Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, iná rẹ̀ mọ níwọ̀n, kò jẹ́ kó hó. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣe. Ó gún kànáfùrù mọ́ ọsàn tútù, ó sì jù ú sínú ìkòkò bẹ́ẹ̀.

Ọsàn náà, ńṣe ni èèyàn ń yan án. Ibi tí gbogbo adùn náà wà nìyẹn. Nílé ni mo ti máa ń yan án láàárọ̀ kí n tó jáde, màá wé e sínú fọ́ìlì, màá sì tì í sínú ìkòkò nígbà tí ojú kò bá sí lára mi. Nínú ilé ìdáná yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo rí ọsàn tútù yẹn lọ́wọ́ Kọ́lá. Mo rí i nígbà tó jù ú sínú ìkòkò. Mo yíjú síta, mo ń wo àwọn ọkọ̀ lórí fíríwéè.

Wọ́n ti Mísíìsì Dọ́rà wọlé lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Ó mu díẹ̀. Ó ní ó dùn, ó ṣeun, ọmọ dáadáa. Ó tún mu díẹ̀. Ó wá béèrè pé òórùn iná inú rẹ̀ dà, èyí tó máa ń gbé òun padà sí ilé ìdáná ìyá òun? Èmi ló ń wò bó ṣe ń béèrè. Kọ́lá yíjú sí mi, ó fi Yorùbá bi mí kí ojú má baà tì wá, ó ní Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló kù tí mi ò fi sí i? Mo ní kò sí ohun tó kù. Mo ní ìyá yẹn ti dàgbà, ahọ́n rẹ̀ ti kú.

Imú tèmi ló kú, ahọ́n rẹ̀ ni mo parọ́ mọ́.

Nígbà tí a ń padà sí Mesquite, Kọ́lá ló wa ọkọ̀. Ó ní òun rí i pé ojú mi kò dùn. Ó ní òun máa sọ fún ọ̀gá kó dá ìkòkò padà fún mi, pé kì í ṣe ìdí ìkòkò lòun bá wá sí Amẹ́ríkà. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ìyẹn ló tún bí mi nínú jù? Ohun tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án dì mú, ó fẹ́ fi í sílẹ̀ bí ẹni tó ń dìde lórí àga fún àgbàlagbà nínú ọkọ̀. Mo ní kó máa wo iwájú, kó má pa wá.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kọjá. Yìnyín bo gíláàsì ọkọ̀ lánàá, lónìí oòrùn ti mú débi pé mo bọ́ súwẹ́tà. Mísíìsì Dọ́rà kò gbádùn láti ìgbà ọdún tuntun. Kì í jáde ní yàrá mọ́. Nígbà tí mo gbé ọbẹ̀ lọ fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó bi mí bóyá ti wáìnì pọ́ọ̀tù tí à ń bọ̀ wá sè yìí máa ní òórùn iná nínú. Mo ní bóyá. Ó ní òun á gbìyànjú láti dúró dè é.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá Kọ́lá láti sọ fún un. Nígbà àkọ́kọ́, mo bi í bóyá ó ti pa gáàsì. Nígbà kejì, mo bi í bóyá ó ti ti fèrèsé. Nígbà kẹta, mo bi í pé orúnkún yín ńkọ́. Ó ní Dádì, ẹ wọlé, ẹ jókòó. Mo ní rárá, mo fẹ́ lọ sùn, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni.

Òun ló fà á tí mo fi kọ̀wé sí yín. Yàrá rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ, ṣùgbọ́n Ìkìrun ló máa rọrùn fún mi láti gbà dé ibẹ̀. Ó ń pè yín ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó fi kànáfùrù gún ọsàn yípo, kó yan án títí èèyàn á fi rí i tó pọ́n bíi bọ̀ọ̀lì, tí omi rẹ̀ á máa yọ ní ìdí. Kó kọ́kọ́ se ṣúgà, omi díẹ̀, sínámọ́nì, atalẹ̀ àti nọ́tímẹ́gì tó ti rin, títí wọ́n á fi ki bí oyin. Lẹ́yìn náà ni kó da wáìnì sí i, kó ti ọsàn náà sínú rẹ̀ lódindi, kó sì fi iná kékeré mú un gbóná. Tí etí ìkòkò bá ti ń wárìrì, kó pa iná. Kó tó bù ú sínú ife ni kó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ṣíbí tẹ ọsàn náà.

Ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ sọ fún un. Ẹ ní ẹ kàn rántí ni, láti ìgbà tí ẹ ń rán kọ́tìnì. Kò ní rí lẹ́tà yìí. Kì í ka ìwé ìròyìn, bọ́ọ̀lù ló ń wò lórí fóònù. Iye kànáfùrù nìkan ni mi ò ní sọ. Ìyàwó òyìnbó yẹn kì í kà á, ó kàn ń gún un bó ṣe wù ú, lọ́jọ́ kan á korò, lọ́jọ́ kejì kò ní ta rárá. Ẹ̀rù ló ń bà mí nígbà yẹn kí wọ́n má baà lé mi, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á títí mo fi rí iye tó bá a mu. Gbogbo ìyókù, ọwọ́ yín ló ti tọ̀ mí wá, ọmọ yín ló sì ni ín. Iye yẹn nìkan ni mo fi orí ara mi rí. Ẹ jẹ́ kí ó kù fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mi ò sọ pé ìlara náà ti tán. Lówùúrọ̀ yìí, mo gbọ́ tó ń kọrin nínú balùwẹ̀, inú sì bí mi. Ṣùgbọ́n mo ń gbàdúrà. Ọlọ́run yóò fún orúnkún yín lágbára. Ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Òjò kò ní bá yín nínú ilé. Ẹ kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kí aládùúgbò tó ń bá yín pọn omi. Ẹ má gun àkàbà o.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ tọ́ dàgbà, ọmọ yín,
Bàbá Títí.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti lẹ àpòòwé yìí pa, mo tún ṣí i. Mẹ́tàdínlógún ni. Kó kà wọ́n sórí tábìlì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún wọn.