Òfin Kíláàsì Praise Mú Èmi Náà

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Dọ̀tun ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìbàdàn? Ẹni tó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀ kò ní sùn lórí rẹ. Ara wa le, inú mi sì ń dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ, nítorí láti ìgbà tí Bàbá Fálẹ́yẹ ti gbé mi níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun fúnra rẹ̀ ló ń gúnyán fún mi, èmi tí mo ti ṣe opó pẹ́! Gbogbo àdúgbò ń kí mi pé mo ti sanra, mo sì ń dúpẹ́.

Praise àbúrò rẹ ló kó ìdààmú bá wa. Ó ní òun kò lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́, nítorí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é ní Tirela torí pé ó sanra. Mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn, Ìyáàfin Olúwatóyìn, lọ. Ó ní àwọn ti ṣòfin: ẹnikẹ́ni tó bá fi ara ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ yóò tọrọ àforíjì lójú gbogbo kíláàsì. Mo jó níbẹ̀! Mo délé, mo kìlọ̀ fún Bàbá Fálẹ́yẹ pé kó má sọ pé mo sanra mọ́, kí wọ́n má baà wá gbé e. Bá mi bi àwọn lọ́yà tó wà ní Ìbàdàn lọ́hùn-ún bóyá òfin yìí dé yàrá tọkọtaya, nítorí ó ń wù mí kó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo mú Praise dé géètì. Bó ṣe ń wọlé, ayọ̀ gbé mi, mo ké tẹ̀lé e pé ó dàbọ̀ o, òròbó mi àtàtà! Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Praise yí padà, ó ní ulé ni òun ń lọ. Ìyáàfin Olúwatóyìn ní òfin náà mú òbí pẹ̀lú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé tó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n ni, kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ lo oṣù díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí. Mo ní ìkẹ́ ni mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀, ó ní kí n lọ bi Praise.

Mo bi í. Ó ní ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìpàdé òbí, àti pé láti òròbó ni wọ́n ti dé Tirela.

Lánàá mo tẹ̀lé e lọ síwájú kíláàsì, mo kúnlẹ̀. Kí orúnkún mi tó kanlẹ̀ tán, gbogbo wọn ti wà nílẹ̀, wọ́n ń pariwo pé Màmá, ẹ dìde, ẹ má jẹ́ ká rí èèwọ̀! Bọ́lájí tó kọ́kọ́ pè é ní Tirela ló ń sunkún jù. Praise nìkan ló wà lórí ìdúró. Ó wò wá yíká, ó ní Praise ni orúkọ òun. Láàárọ̀ yìí, kò dúró de ẹnikẹ́ni kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi rán yunifọ́ọ̀mù tí yóò gbà á, èyí tó ń wọ̀ ti fún un jù.

Orúkọ rere ni wọn yóò máa fi pè ọ́. Ẹnu tó bá fẹ́ bú ọ yóò kí ọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mojírádé, ìyàwó Fálẹ́yẹ