Ọbẹ̀ Tí Kò Níyọ̀

Ọmọ mi àtàtà, àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé ò ń rí oorun sùn? Ọlọ́run tó dá ẹ sí láti kékeré kò ní fi ẹ́ sílẹ̀ níbi tó o wà yẹn. Àwa náà wà, àfi bàbá rẹ tí ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá.

Látọjọ́ tí wọ́n ti ní kó o bọ́ aṣọ ìdáná funfun yẹn sílẹ̀ nínú ìdíje oúnjẹ síse orí tẹlifíṣàn, o ò gbé fóònù mi mọ́. Mo mọ̀ pé ojú ló ń tì ẹ́. Ta lò ń tijú fún, èmi tí mo bí ẹ? Gbogbo wa la rí i. Mo ti wẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo wọ aṣọ ìjáde mi, mo sì kó aṣọ tí mo sá sẹ́yìn àga kúrò, kó o má bàa bojú wolé láti inú tẹlifíṣàn kó o bá wa nínú ìdọ̀tí. Nígbà tí ọ̀gá onífìlà gíga tó ń tọ́ oúnjẹ yín wò yẹn yọjú, mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní ẹ bá wa fojúure wo ọmọ wa. Kò dáhùn. Kò tiẹ̀ mi orí.

Wọ́n ní kí kálukú se oúnjẹ ìlú rẹ̀, ìwọ sì se ọbẹ̀ ẹja wa. Ọ̀gá yẹn tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní kò níyọ̀, ó ní ṣé bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ lápá ọ̀dọ̀ yín nìyẹn. Ọmọ mi, látìgbà tí dókítà ti fòfin de iyọ̀ fún bàbá rẹ, ìkòkò kan ṣoṣo là ń sè nílé yìí, o sì kéré nígbà yẹn. Ọbẹ̀ àìsàn bàbá rẹ lo mọ̀, òun lo gbé lọ síwájú wọn. Gbogbo apá ọ̀dọ̀ wa ló ń jẹyọ̀, ilé tiwa nìkan ni kì í jẹ ẹ́.

Sátidé tó kọjá la tún rí ẹ. Mo pariwo pé wọ́n ti gba ọmọ mi padà, mo sáré pe ìyá aránṣọ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ó wò ó, ó ní ti ọjọ́sí ni wọ́n tún gbé jáde. Mo ní irọ́ ni, ta ló ń sun ẹkún ọjọ́sí lónìí? Bàbá rẹ náà ò gbà fún un, ó ní ká gbé òun jókòó dáadáa. Nígbà tó o ṣí ìkòkò, ó nawọ́ sí tẹlifíṣàn, ohùn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jáde, ó ní: "Fi iyọ̀ sí i, ọmọ mi. Má wo tèmi."

O ò gbọ́. O dé ìkòkò náà padà. Ọ̀gá yẹn tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n tún lé ẹ, bàbá rẹ sì sunkún. Ó ní òun lòun ba ọbẹ̀ ọmọ òun jẹ́. Látìgbà náà, tí mo bá ti gbé oúnjẹ dé, á kọjú sí ògiri.

Mo bẹ̀ ẹ́, oògùn rẹ̀ ti ń tán lọ, tó o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́. Tí o ò bá rí, má ṣèyọnu, ìwọ gan-an ni kó o máa bọ̀. Wá se ọbẹ̀ yẹn fún un bó o ṣe sè é fún wọn, má fi iyọ̀ kankan sí i, kó o jókòó tì í títí á fi jẹ ẹ́ tán.

Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ lọ́nà, ilé ò ní jìnnà sí ẹ, ojú ò sì ní tì ẹ́ mọ́. Má pẹ́ o. Bàbá rẹ ò jẹ́ ká pa tẹlifíṣàn mọ́, ó ní bóyá tó o bá tún yọjú, wàá gbọ́ òun.

Èmi ni,
Ìyá rẹ