Ta Ló Pín Ẹ̀rù Èèyàn fún Ruotong?

Chunhe ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Dongguan? Lifang ìyàwó rẹ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ yín má gé yín níka, kí ọ̀gá yín má yọ yín lẹ́nu, kí ẹ sì máa rí oorun sùn. Èmi náà wà, ara mi le, orúnkún nìkan ló ń dùn mí tí òjò bá ti ṣú. Ọsàn ti ń pọ́n lórí òkè. Bàbá Zeng ti gé gbogbo igi tirẹ̀ nítorí àrùn tó ń sọ ewé di rúsúrúsú, mo sì ti kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Pẹ́pẹ́yẹ kan sọnù. Ìròyìn ilé tán, mi ò ní àsìkò: Ruotong ọmọ rẹ ní òun ò padà sílé ìwé mọ́, ọjọ́ Àìkú ló sì yẹ kó padà.

Tíṣà Peng ló pe gbogbo ìdílé wá sílé ìwé, ó ní dókítà kan ń bọ̀ láti ìlú ńlá. Mo fi ibi tí a ti ń di ọsàn sílẹ̀ ní àsìkò iṣẹ́ gan-an, mo lọ. Dókítà yìí, ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà funfun, tan àwòrán sára ògiri, ó ní òun ti wọn ẹ̀rù èèyàn lára àwọn ọmọ, ìyẹn ẹ̀rù tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè sọ̀rọ̀ lójú ẹlòmíì, tí àyà rẹ̀ á máa já. Ó ní tàwọn obìnrin pọ̀ ju tàwọn ọkùnrin lọ. Tàwọn tó ń sùn sílé ìwé ju tàwọn tó ń lọ sílé. Tàwọn ọmọ oko ju tàwọn ọmọ ìlú. Tàwọn tí òbí wọn lọ ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn ló wá pọ̀ jù. Chunhe, ara mi gbóná! Ruotong jẹ́ obìnrin, ó ń sùn sílé ìwé, ọmọ oko ni, ẹ̀yin méjèèjì ò sí nílé. Ọmọ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n bù ún fún!

Mo dìde. O mọ̀ pé mo kọ́ ẹ̀kọ́ okòwò tí ìjọba ṣètò fún àwọn olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo sì ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Mo bi í pé ta ló pín in. Mo ní tí ajílẹ̀ bá dé sí ẹgbẹ́ wa, iye igi tí oníkálukú ní la fi ń pín in. Ó ní Màmá, a ò pín nǹkan kan, a kàn wọ̀n ọ́n ni. Mo ní ohun tí kò bá dọ́gba lórí òṣùwọ̀n, ẹnì kan ló pín in ní ìpínkupìn. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní kí ìyá yìí jókòó jàre, ebi ń pa àwọn. Mo ní kó máa lọ jẹun, ọmọkùnrin ló bí, kékeré ni wọ́n bù fún tirẹ̀.

Nígbà tí wọn ò ṣe nǹkan kan sí i, mo ṣe é fúnra mi. O mọ ẹgbẹ́ àwọn òbí tó wà lórí fóònù, níbi tí Tíṣà Peng ti ń sọ fún wa pé ká ra ìwé, ká mú ẹ̀wù òtútù wá. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ẹ̀rù ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ Liao Ruotong, kí ìdílé tí tirẹ̀ bá kéré gbà díẹ̀ níbẹ̀ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Kò pẹ́ rárá! Ìyá Yichen kọ ọ́ pé a ti gbà á. Bàbá Siqi ní a ti gbà á, tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Mo ní ẹ wo èèyàn rere. Mo tilẹ̀ ti ṣa ọsàn tó dáa sọ́tọ̀ tí màá fi dúpẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Ruotong wọlé, ó ju àpò sílẹ̀, ó ní Màmá Àgbà, ẹ ti pa mí. Ó ní àwọn òbí yẹn kì í ka nǹkan kan, pé tí ẹnì kan bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ìwé ń jóná, a ti gbà á ni wọ́n máa kọ. Ó ní àwọn ọmọ wọn ló ń kà á, wọ́n sì ti ń bi ara wọn ní kíláàsì pé ṣé o ti gba tìẹ lára ẹ̀rù Ruotong.

Ọmọ yìí kan náà, Chunhe, ló bá Huang oníṣòwò ọsàn ná ọjà títí Huang fi ní kí wọ́n bá òun gbé ìjókòó wá! Mo bi í pé ta gan-an ló ń bẹ̀rù. Ìgbà náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀.

Kí dókítà yẹn tó dé, ilé ìwé ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọ ẹsẹ̀ òbí rẹ̀ lórí pápá, kó fi dúpẹ́ ìtọ́jú. Kò sẹ́ni tó pè mí, wọ́n ní bàbá tàbí ìyá ni. Àwọn tí òbí wọn ò wá, àwọn tíṣà ló yá wọn lẹ́sẹ̀. Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ká ṣòkòtò sókè, ó jókòó síwájú Ruotong, ó na ẹsẹ̀ sí i. Ọmọ rẹ dúró, ó gbé abọ́ omi dání, gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò. Ó dúró títí omi fi tutù, ó dà á sídìí igi, ó lọ. Láti ìgbà yẹn ni kò ti la ẹnu ní kíláàsì, tí wọ́n fi ń sọ pé ẹ̀rù èèyàn ń bà á. Ẹ̀rù wo? Èmi ì bá da omi yẹn lé e lórí!

Mo ní màá wá jókòó síbẹ̀ nígbà míì. Ó ní Màmá Àgbà, ẹsẹ̀ yín, ṣebí alaalẹ́ tí mo bá wà nílé ni mò ń fọ̀ ọ́, kí lẹ fẹ́ wá ṣe lórí pápá.

Mo ti tún kọ ọ́ sórí fóònù pé kí gbogbo wọn dá ẹ̀rù tí wọ́n gbà padà, a ò pín in mọ́. Wọ́n ní a ti gbà á.

Wàyí o. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tún fọ ẹsẹ̀. Má sọ fún mi pé ọ̀gá ò ní gbà. Fún mi ní nọ́ńbà ọ̀gá. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́, mo fẹ́ ẹ lóṣù yìí, gbogbo rẹ̀, má yọ nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ni kí o san án sí. Tó bá ṣẹ́ kù, ra bàtà òtútù fún ọmọ.

Ọ̀nà á là fún ọ, ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní dúró lójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ á máa ròkè, ọmọ rẹ kò ní fojú àlejò wò ọ́.

Ruotong ti kó ẹrù rẹ̀, ó ní òun á padà lọ́jọ́ Àìkú. Torí pé mo ti sọ fún un pé o ń bọ̀ ni. Mi ò bi ọ́ léèrè kí n tó sọ ọ́.

Ìyá rẹ,
Wen Genxiu