Nọ́ńbà Rẹ Ṣì Wà Nínú Kóòdù

                                                  Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé,
                                                  Ugbonla,
                                                  Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024.

Kọ́lájọ, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ń kọ́? Ọmọ ń kọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nígbà tí o ń lọ, ṣé ó ti san, àbí atẹ́gùn Ìbàdàn ti mú un gbàgbé pé òun ń dùn? Ara ìyá rẹ le. Èmi àti wọn jọ jẹ ẹja ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n sì bi mí irú ẹja tí ẹ ń jẹ níbẹ̀. Mo ní ẹja inú yìnyín ni. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì fi ẹja kan kún tèmi.

O lè máa ronú pé ta ló tún ń kọ lẹ́tà lóde òní. Mo ti yí nọ́ńbà mi padà, o kì í sì í gbé nọ́ńbà tí o kò mọ̀. O ti sọ fún mi rí pé àwọn gbájúẹ̀ ló ń fi irú rẹ̀ pe ènìyàn ní Ìbàdàn. Nítorí náà ni mo ṣe fi lẹ́tà yìí lé Promise, ọmọ alága ẹgbẹ́ awakọ̀ wa, lọ́wọ́ bó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo ní kó dúró tì ọ́ títí o ó fi kà á tán. Jọ̀wọ́, fún un ní omi.

Ọ̀rọ̀ áàpù tí àwa méjèèjì ṣe fún ẹgbẹ́ awakọ̀ ojú omi ni, èyí tó ń rán àtẹ̀jíṣẹ́ sí èrò pé ibi báyìí ni ọkọ̀ wọn yóò ti gbéra, ní àkókò báyìí. Nígbà tí o ń lọ, o fi kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún mi bí ẹni fi ajá sílẹ̀ fún aládùúgbò. Mo ń bọ́ ọ, kò sì bu ẹnikẹ́ni jẹ. Lẹ́yìn náà ni òkun wá gbé èbúté iwájú lọ, ó ku pákó díẹ̀. Ẹgbẹ́ kó ọkọ̀ wọn lọ sí ẹ̀yìn ilé-ìwé.

Mo ní kí n yí orúkọ èbúté padà nínú áàpù. Kọ́lájọ, orúkọ náà wà níbi gbogbo. O kọ ọ́ káàkiri inú kóòdù bí ọmọ ilé-ìwé tó ń fín orúkọ rẹ̀ sára gbogbo àga. Páàsìwọ́ọ̀dù tí a fi ń rán iṣẹ́ pàápàá wà níbẹ̀ gbangba, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn tó wá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Mo yí gbogbo èyí tí mo rí. Ọ̀kan ṣẹ́kù tí n kò rí, nínú iṣẹ́ tí à ń rán sí àwọn tó ń wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀.

Ẹni tí iṣẹ́ náà bá ni Tẹ́ní, ìyàwó Jọọlá, láti Oríòkè-Ìwàmímọ́. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀, ó sì ń lọ sí ilé ìwòsàn ní Igbokoda. Kò gbọ́ pé èbúté ti kúrò. Àbúrò rẹ̀ fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé e wá síbi tí fóònù sọ, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí pákó tó ṣẹ́kù, ó sì bá ti ẹja rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ilé-ìwé, Godspower tó ń wa ọkọ̀ àkọ́kọ́ náà dúró dè é títí, ó sì rò pé ó ti yí ọkàn padà. Tẹ́ní gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bó ti ń lọ. Omi ń kún bọ̀ lábẹ́ pákó. Ó pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún un pè. Obìnrin kan tó ń lọ wo ìgèrè tó fi ń dẹ ẹja ló gbọ́ igbe rẹ̀, ló sì gbé e kúrò níbẹ̀. Ọ̀sán ni ó tó dé Igbokoda. Ó bí obìnrin kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá yè, ọmọ yè. Mo sọ ìyẹn kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ láti ka ìyókù.

Ẹgbẹ́ pè mí sí ìpàdé. Godspower ní kí a sọ áàpù náà nù, kí a padà sí ẹni tó ń pariwo lórí èbúté. Inú ń bí i sí ara rẹ̀ pé òun gbéra, ṣùgbọ́n èmi ló dojú ìbínú náà kọ. Ó ní, "Injiníà, òkun mọ̀ pé èbúté ti kúrò níbẹ̀. Ẹja mọ̀. Fóònù rẹ nìkan ni kò mọ̀."

Alága wa, Màmá Moríkẹ́, bi mí pé ta ló mọ ibi tí orúkọ èbúté wà nínú ẹ̀rọ náà. Mo ní èmi àti ìwọ ni. Wọ́n ní, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú ń tẹ̀ lé, ẹni méjì péré ló mọ ibi tó wà, ọ̀kan sì wà ní Ìbàdàn. Wọ́n fún mi di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ láti tún un ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí.

Mo ronú gan-an. O rántí ìgbà tí òkun lé ilé bàbá rẹ. Wọn kò wó o. Wọ́n tú u ní pákó-pákó, wọ́n kó o sínú ọkọ̀, wọ́n sì tún un tò sí ibòmíràn. Ilẹ̀kùn kan náà, fèrèsé kan náà, ibi tó dúró sí nìkan ló yí padà. Ohun tí omi lè lé, àwa kì í kàn án mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwa ọmọ omi jókòó ti kọ̀ǹpútà, a kan èbúté mọ́ kóòdù bí ẹni pé orí àpáta Ìdànrè ni a ń gbé.

Nítorí náà mo tú u. Orúkọ èbúté, àkókò ìgbéra, orúkọ ọkọ̀, gbogbo ohun tó lè yí padà, mo kó wọn jáde sínú fáìlì kan ṣoṣo, kóòdù á sì máa lọ bi í léèrè níbẹ̀. Mo ṣe fáìlì mìíràn fún ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà mi, kí n má baà fi ìdánwò rán ẹnikẹ́ni sójú omi. Páàsìwọ́ọ̀dù kò sí nínú èyíkéyìí nínú wọn, mo fi tirẹ̀ pamọ́ lọ́tọ̀. Òfin kan sì wà: bí àyè kan bá ṣófo, áàpù kò gbọdọ̀ fi àbá dí i. Kó dákẹ́, kó sì sọ ohun tó sọnù.

Lọ́jọ́ ọjà, Màmá Moríkẹ́ fi fóònù tiwọn yí àkókò ọkọ̀ padà, ó sì yí níbi gbogbo. Godspower gba fóònù náà, ó pa orúkọ èbúté rẹ́, ó ní kó ránṣẹ́. Áàpù kọ̀, ó ní òun kò mọ èbúté, kí wọ́n bi alága. Godspower dá fóònù náà padà fún alága. Ó ní, "Ó ti kọ́ láti sọ pé òun kò mọ̀. Àwọn kan tí a dìbò fún kò tíì kọ́ ọ." Ó gba pé kí a máa lò ó.

Ó wá ku ohun kan. Bí mo ti ń tú kóòdù ni mo rí nọ́ńbà tí Tẹ́ní pè. Tìrẹ ni. O fi síbẹ̀ nígbà tí a ṣì ń dán áàpù wò nínú yàrá wa ní poli, a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo ti ṣe àyè fún un nínú fáìlì, ṣùgbọ́n n kò tíì kọ nǹkan kan sí i. Mo ní kí a fi tèmi sí i, Godspower rẹ́rìn-ín, nítorí bí òjò bá ti ṣú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú Ugbonla ló ń kọ́kọ́ sá, ti ojú omi á ṣì wà. Màmá Moríkẹ́ ló sọ ọ́ parí: "Bi Kọ́lájọ. Ẹni tó jìnnà ló lè gbọ́ wa, kó sì pe awakọ̀. Bó bá máa gbé e, kọ ọ́ síbẹ̀. Bí kò bá ní gbé e, má kọ ọ́."

Àyè náà ṣófo di ìsinsìnyí, o sì mọ òfin tí mo fi sí i. Áàpù kò rán iṣẹ́ kankan. Godspower ló ń pariwo lórí èbúté láràárọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti ń há. Sọ fún Promise kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ bóyá o máa gbé e.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi gbé ọmọ jó. Tẹ́ní náà kí ọ. Mo sọ fún un pé ìwọ lo ni nọ́ńbà náà. Ó ní òun kò bínú. Ó ní lórí pákó yẹn, ohùn ènìyàn nìkan ni òun ń wá.

Èmi tí o fi kóòdù sílẹ̀ fún,
Ọpẹ́fólúwa.